Òǹkà Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Eré Tuntun

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC ní Amẹ́ríkà gbé eré apanilẹ́rìn-ín tuntun kan jáde. Cheers ni orúkọ rẹ̀, ilé ọtí kan ní ìlú Boston ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òǹkà àwọn òǹwòran ọ̀sẹ̀ náà jáde, Cheers fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́yìn pátápátá nínú gbogbo ètò alẹ́ tí iléeṣẹ́ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ABC, CBS àti NBC, ń ṣe. Jálẹ̀ sáà àkọ́kọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ náà ló wà. Bí ẹ bá mú ìwé òǹkà yẹn fún ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tẹlifíṣàn nígbà náà, tí ẹ ò sì sọ ohun mìíràn fún un, yóò ní eré yìí ò ní rí ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n sáà mọ́kànlá ni Cheers lò. Apá 275 ni wọ́n ṣe. Ní sáà 1990 sí 1991, òun ló gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1993, àwọn tó jókòó tì í lé ní mílíọ̀nù 80.

Ẹ jẹ́ ká fi eré mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2010, Fox gbé Lone Star jáde, ìtàn ọkùnrin oníjìbìtì kan ní Texas tó ń gbé ayé méjì pọ̀, tó fi obìnrin kan síhìn-ín, tó fi òmíràn sọ́hùn-ún. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò eré nínú ìwé ìròyìn ti yìn ín yìn ín kó tó jáde. Lálẹ́ àkọ́kọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.1 èèyàn ló wò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Fox sì fòpin sí i. Apá méjì péré làwọn ará Amẹ́ríkà rí kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Òǹkà àwọn méjèèjì ò dára níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan là á já, èkejì ò rí ìparí oṣù. Ohun tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òǹkà òǹwòran ń sọ bí eré ṣe dára tó, tàbí bí aráyé ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn, ẹni tó ni wákàtí náà ló sì ń bi í: bí mo bá gbé nǹkan mìíràn síbí, ṣé owó tí yóò wọlé á ju èyí lọ?

Ẹ wo ẹni tó ni ìsọ̀ nínú ọjà. Kì í bi ìyá aláta bóyá ata rẹ̀ ta lẹ́nu. Owó ìsọ̀ ló ń bèèrè, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n ń wá àyè. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá aláta á kó ẹrù. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, á pẹ́ níbẹ̀, kódà bí ọjà ò tà. Bọ́rọ̀ NBC ṣe rí ní 1982 gan-an nìyẹn. Nínú iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ló gbẹ́yìn. Grant Tinker tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àti Brandon Tartikoff tó ń ṣe kòkáárí àwọn ètò kò ní ohun kan nílẹ̀ tó sàn ju Cheers lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé tí wọ́n tún àwọn apá àkọ́kọ́ ṣe, àwọn tí kò rí i nígbà kìíní rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983 ó gba ẹ̀bùn Emmy gẹ́gẹ́ bí eré apanilẹ́rìn-ín tó dára jù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, The Cosby Show wọlé sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí NBC kan náà, ó sì fa èrò débẹ̀. Cheers wà ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, èrò náà kò sì dìde lórí ìjókòó.

Lone Star kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Eré tó ṣáájú rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́ Ajé ni House, tí àwọn tó ń wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó túmọ̀ sí pé ó ju ìdajì àwọn tó ti jókòó síwájú Fox tẹ́lẹ̀ tó yí rìmóòtù síbòmíràn nígbà tí Lone Star bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn ọ̀gá Fox, wákàtí tó ṣeyebíye ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Kí ẹ tó gba òǹkà kankan gbọ́, ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Arthur Nielsen, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ka òǹwòran ní Amẹ́ríkà, dá a sílẹ̀ ní Chicago ní 1923, àyẹ̀wò ọjà sì ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe. Ní 1936 ó ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ méjì ní MIT. Bí wọ́n bá so ẹ̀rọ náà mọ́ rédíò, á máa kọ wákàtí tí wọ́n tàn án àti ibùdó tí wọ́n yí i sí sílẹ̀. Ní 1950 ó gbé iṣẹ́ náà wọ tẹlifíṣàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lo ilé tó tó nǹkan bí 1,200 láti fi díwọ̀n ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò. Ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé tẹlifíṣàn wà ní títàn, kò mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n gbé òmíràn dé: olúkúlùkù nínú ilé ní bọ́tìnnì tirẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá wọlé wá wòran, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá dìde. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti lè sọ fún onípolówó bóyá bàbá ló ń wò ó ni, àbí ọmọ, àbí ìyá àgbà.

Ní àwọn ìlú kéékèèké, ìwé pélébé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé, kí àwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n wò síbẹ̀. Oṣù Kọkànlá, oṣù Kejì, oṣù Karùn-ún àti oṣù Keje ni wọ́n máa ń pín in káàkiri, ìdí sì nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ fi máa ń kó ìgbéyàwó, ikú àti àlejò ńlá inú eré wọn sínú àwọn oṣù yẹn. Ọdún 2018 ni Nielsen tó pa ìwé náà tì.

Mo gbà pé ẹgbẹ̀rún mélòó kan ilé lè sọ òótọ́ nípa orílẹ̀-èdè ńlá, bí wọ́n bá ṣà wọ́n láìṣègbè. Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni bí àwọn ọ̀gá ṣe ń lo ohun tí wọ́n rí. Bí eré kan bá mú ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún tí èkejì mú 0.7, ìyàtọ̀ àárín wọn lè má ju pé ìdílé bíi mélòó kan nínú àwọn tí wọ́n ṣà lọ òde ìnáwó lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí àwọn òǹwòran eré bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni òǹkà rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n sí i. Síbẹ̀, mo ti rí i tí wọ́n ń gbé irú àlàfo tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀rí pé eré kan yẹ láti kú.

Oríṣi òǹkà méjì ló wà tí kò yẹ ká dà pọ̀. Èkíní ń sọ iye àwọn tó wo eré nínú gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣàn. Èkejì ń sọ iye àwọn tó wò ó nínú àwọn tó tan tẹlifíṣàn ní wákàtí yẹn gan-an. Láyé iléeṣẹ́ mẹ́ta, èkejì yìí ni adájọ́. Bí eré ò bá mú tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ara ẹni tó ni ín ò ní balẹ̀, torí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Eré tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń wò máa ń kú nígbà náà torí pé ìdá 20 péré ló mú. Lónìí, tí kébù, íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ti fọ́n èrò ká, kò sí eré kankan tó ń rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ òǹkà kà kì í fi wo iye náà lásán. Wọn á pín òǹkà eré náà pẹ̀lú ìpíndọ́gba òǹkà gbogbo eré tó wà lórí iléeṣẹ́ kan náà. Bí ìdáhùn bá lé ní ọ̀kan, ọkàn balẹ̀. Bó bá wálẹ̀ jìnnà sí ọ̀kan, ewu wà. Àwọn tó jọ wà nílé ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àwọn ará ìta. Ìṣirò yìí ló jẹ́ kí n lóye bí Crazy Ex-Girlfriend ṣe lo sáà mẹ́rin lórí iléeṣẹ́ CW láàárín 2015 sí 2019. Àwọn tó ń wò ó lálẹ́ tó bá jáde kì í sábà tó mílíọ̀nù kan. Lórí CBS, irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ò ní jẹ́ kó rí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ṣùgbọ́n CW kéré, àwọn eré yòókù níbẹ̀ náà ò ní èrò púpọ̀, iléeṣẹ́ náà sì ní àdéhùn nígbà náà láti ta àwọn eré rẹ̀ fún Netflix. Owó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré tuntun á là, ẹ má fi gbogbo ọkàn sí alẹ́ àkọ́kọ́. Òǹkà alẹ́ àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan púpọ̀ nípa eré náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó polówó rẹ̀ ló ń sọ, àti ti eré tó ṣáájú rẹ̀, àti ti òṣèré tí orúkọ rẹ̀ fa èèyàn wá. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹni tó bá padà wá ń padà wá torí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni gbogbo eré ń já wálẹ̀ nígbà náà, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó yẹ kí a wò ni bóyá ó ń já lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, àbí ó ti dúró. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tó sì dúró sójú kan ní ìrètí ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó ń ya bí òkè tí òjò ṣán.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré kì í rí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mọ́ gbèsè. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń pe àwọn onípolówó jọ sí New York láti fi àwọn eré tuntun hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àyè ìpolówó kí eré tó jáde rárá, pẹ̀lú ìlérí pé iye èèyàn báyìí báyìí ni yóò wò ó. Bí òǹkà ò bá dé ibi tí wọ́n ṣèlérí, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún onípolówó ní àyè mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ láti dí àlàfo náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí eré tí kò lérò bá fi wà lórí afẹ́fẹ́, gbèsè ń gorí gbèsè. Mi ò fi èyí gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe ìkórìíra eré ló ń mú wọn yára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà wà níbẹ̀. Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí NBC ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1966. Òǹkà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nígbà tí ìròyìn sì jáde pé wọ́n fẹ́ pa á, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà rẹpẹtẹ sí iléeṣẹ́ náà. NBC dá a sí, ṣùgbọ́n ní sáà kẹta wọ́n tì í sí aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ti jáde lọ gbádùn ara wọn. Òǹkà já wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó já, ní 1969 wọ́n sì pa á lẹ́yìn apá 79. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ibùdó kéékèèké ra àwọn apá yẹn, tí wọ́n ń fi wọ́n hàn nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ayé wá ń wá a kiri. Ìgbà a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ̀yin ẹ wo iye sinimá àti eré mìíràn tó ti ti ara Star Trek jáde láti ìgbà náà, kí ẹ wá sọ fún mi pé òǹkà 1969 mọ ohun tó ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí. Ní àwọn ọdún 1960, ABC ló gbẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta, kò sì lè fi iye èèyàn ná àwọn méjì yòókù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún onípolówó pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń wo tòun, pé àwọn ló ṣì ń yan ọṣẹ tí wọn á fi wẹ̀ àti mọ́tò tí wọn á rà. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí onípolówó létí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ẹni ọdún 18 sí 49 lójú méjèèjì, tí ẹni 50 ọdún lọ sókè kò fi tó nǹkan lójú wọn mọ́. Ní 1971, CBS gbá àwọn eré tó dá lórí ará oko dànù: The Beverly Hillbillies, Green Acres, Mayberry R.F.D., Hee Haw. Kì í ṣe pé èèyàn ò wò wọ́n. Mayberry R.F.D. wà ní ipò 15 ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún tí wọ́n pa á, Hee Haw sì tẹ̀ lé e ní ipò 16. Àgbàlagbà àti ará ìgbèríko ló ń wò wọ́n, onípolówó sì fẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ńlá.

Ó dùn mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí tẹlifíṣàn jẹ́ fún àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ní kí n fi kún un pé láàárín ìgbálẹ̀ yẹn kan náà ni CBS gbé All in the Family ti Norman Lear jáde, ní ọjọ́ 12 oṣù Kíní 1971. Eré tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ogun ní gbangba ni, òǹkà rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò sì gbé ẹnikẹ́ni lọ́kàn sókè. CBS mú sùúrù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò ya dé. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wà ní ipò kìíní.

Ta ló ni eré náà? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè nísinsìnyí, kí n tó béèrè iye tó wò ó. Iléeṣẹ́ tó gbé eré jáde lórí afẹ́fẹ́ lè má jẹ́ ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ tiwọn, wọ́n lè fara da òǹkà kékeré, torí pé bí àwọn apá rẹ̀ bá ti súnmọ́ 100, wọ́n á lè tà á fún àwọn ibùdó mìíràn tí yóò máa fi hàn lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni owó ńlá wà. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, owó ìpolówó alẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n ń rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2018, Fox fòpin sí Brooklyn Nine-Nine lẹ́yìn sáà márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, NBC gbà á. Òǹkà ò yí padà láàárín alẹ́ kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Universal Television ló ṣe eré náà, ọmọ ìyá kan sì ni òun àti NBC. Lójú Fox, ẹrù ẹlẹ́rù ni. Lójú NBC, ọmọ tó padà wálé ni, ó sì lo sáà mẹ́ta sí i níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí ló pàdé lára eré kan tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2019, CBS gbé Bob Hearts Abishola jáde. Bob ń ta ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit, àìsàn ọkàn gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì Yorùbá kan tó ń jẹ́ Abishola ló sì tọ́jú rẹ̀. Folake Olowofoyeku tí wọ́n bí ní Èkó ló ṣe Abishola. Gina Yashere, apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n bí ní London fún òbí ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ pẹ̀lú Chuck Lorre. Àwọn ará ilé Abishola máa ń sọ Yorùbá síra wọn, wọ́n á sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Lórí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́ Ajé, àǹtí Abishola àti ọkọ rẹ̀ jókòó nínú ilé wọn, wọ́n ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ tó yẹ ọmọ wọn. Inú mi dùn gidigidi sí i, mi ò sì fi pamọ́.

Kí ni ohun tó jẹ́ kó là? Àkọ́kọ́, orúkọ Chuck Lorre, ẹni tó ti pa owó rẹpẹtẹ fún CBS. Èkejì, wọ́n gbé e sẹ́yìn The Neighborhood, eré ìdílé aláwọ̀ dúdú, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn tó lè fẹ́ràn rẹ̀ ti wà lórí ìjókòó. Ẹ̀kẹta, CBS ló wà, níbi tí àgbàlagbà pọ̀ sí, tí kò sì fi ọwọ́ lílé mú wọn bí àwọn yòókù. Ó lo sáà márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí òǹkà gbogbo tẹlifíṣàn ṣe ń wálẹ̀, owó ìpolówó ń wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, Warner Bros. ló sì ṣe eré náà, kì í ṣe CBS. Nígbà tí wọ́n fún un ní sáà karùn-ún ní 2023, wọ́n gé owó rẹ̀. Billy Gardell tó ṣe Bob àti Folake Olowofoyeku nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó dúró. Àwọn yòókù di ẹni tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò wọn. Àwọn àǹtí àti àwọn bọ̀dá tó sọ ilé yẹn di ilé Yorùbá ni wọ́n gé kù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2024, ó parí. Eré kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà mìíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù inú ilé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tí wọ́n kà mọ́ àwọn tó wo Abishola. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó ń wò ó lórí fóònù kò sí nínú òǹkà náà. Ìyá Yorùbá ní Peckham ní London kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Yorùbá tó wà ní Houston gan-an, tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, bí ilé rẹ̀ kò bá sí lára àwọn tí Nielsen ṣà, ẹni ẹlẹ́ni ló ń wòran dípò rẹ̀. Ní 2004, nígbà tí Nielsen ń gbé ẹ̀rọ tuntun wọ New York, òǹkà àwọn eré kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń wò já wálẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Don't Count Us Out dìde, wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ náà ò ka àwọn dúdú àti àwọn tó ń sọ èdè Spáníìṣì bó ṣe yẹ. News Corp, tó ni Fox, wà lára àwọn tó gbọ̀wọ́ ìpolongo náà, nítorí náà owó wà nídìí ẹ̀hónú yẹn. Ìbéèrè wọn ṣì tọ̀nà síbẹ̀. Ní 2021, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ òǹkà ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Nielsen fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tó hàn pé kò ka èèyàn pé lásìkò àrùn kòrónà. Ọdún 2023 ni wọ́n tó dá a padà.

Àwọn kan rò pé nígbà tí Netflix àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ẹjọ́ òǹkà á parí, torí pé kò sí ìpolówó nígbà náà, kò sì sí aago mẹ́jọ alẹ́. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ náà mọ ohun gbogbo: ìṣẹ́jú tí ẹ tàn án, ibi tí ẹ ti sùn lọ, apá tí ẹ ti sú lọ. Kò sí ilé tí wọ́n ń ṣà. Gbogbo ilé ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara wọn nìkan ni wọ́n ń kà á fún. Ní oṣù Kẹta 2019, Netflix pa One Day at a Time, eré ìdílé kan tó ti Cuba wá, lẹ́yìn sáà mẹ́ta, wọ́n sì sọ pé àwọn tó wò ó kò pọ̀ tó. Wọn ò sọ iye. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, The Night Agent kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fún un ní sáà kejì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Netflix gbé ìwé òǹkà kan jáde tó kó fíìmù àti eré tó lé ní 18,000 jọ, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n fi wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù Kíní sí oṣù Kẹfà. The Night Agent ló wà lókè pẹ̀lú wákàtí tó lé ní mílíọ̀nù 812. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n iye wákàtí kò sọ iye àwọn tó wo eré dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni eré gígùn ń kó wákàtí jọ ju eré kúkúrú lọ, yálà àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ tàbí wọn ò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé Hollywood ò dúró de ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún títí di òpin oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀, òǹkà sì wà lára ohun tí wọ́n jà fún. Àdéhùn tí wọ́n gbà sọ ọ́ di dandan kí àwọn iléeṣẹ́ máa fi iye wákàtí tí wọ́n fi wo eré tí àwọn fúnra wọn ṣe han ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé. Bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń sanwó fún iléeṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà bá wo eré kan láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́, owó àjẹmọ́nú wà fún ẹni tó kọ ọ́.

Àwa náà ti wà nínú ọjà yìí. Kunle Afolayan gbé Aníkúlápó lọ sórí Netflix ní 2022, eré àtìgbàdégbà tó ti ara rẹ̀ jáde sì dé ní oṣù Kẹta 2024. Ní oṣù Kíní ọdún 2024 yẹn kan náà ni Amazon dáwọ́ dúró láti máa fowó ṣe eré tuntun ní Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń dá lábàá sì di ohun tí kò ní ilé mọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ eré ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta máa béèrè ohun tí àwọn ará Hollywood gbà. Kí ìlà kan wà nínú ìwé àdéhùn tó sọ pé ẹ óò fi hàn wá iye wákàtí tí wọ́n fi wo iṣẹ́ wa, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wò ó, àti iye àwọn tó wò ó parí. Kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á ṣì ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wọn.